Àmín Tí Mẹ̀dínátù Ò Ṣe

Ojú Mẹ̀dínátù kì í yí padà. Bí inú rẹ̀ bá dùn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí wọ́n bá jí i lẹ́rù lọ, bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn. Láti kékeré ni. Ìyá tó bí i sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí i, agbẹ̀bí gbá a nídìí kó lè ké, ó sì ké lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bí ẹni pé ọmọ mìíràn ló ń bá a ké e.

Èyí ì bá má jẹ́ wàhálà, ká ní àwọn èèyàn ò máa rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti ẹnu Mẹ̀dínátù jáde, pẹ̀lú ojú tó rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni. Ó lè ní “Ilé ń jó o,” kí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kó tó máa wá omi. Ní Ọjà-Ọ̀dàn níbẹ̀, ibi tó ti lọ́kọ, tó ti bímọ, tí àwọn ọmọ náà ti lọ sílé ọkọ, wọ́n ti gbà pé aláwàdà obìnrin ni. Òun ò gbà. Òun ò dẹ́rìn-ín pa ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Èyí tó dùn ún jù ni ti fìdáù ọkọ rẹ̀. Àúdù lorúkọ ọkọ rẹ̀, bíríkìlà ni. Ó lọ kírun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kan, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó forí kanlẹ̀, kò gbé e sókè mọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé e gbà jáde. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Mẹ̀dínátù padà lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó lọ gbé bàtà náà. Nígbà tó wá di ọjọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn aáfà wàásù tán, wọ́n ní kí ìyàwó olóògbé náà bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ó dìde. Ó ní:

“Ọkọ mi lọ, kò wọ bàtà. Mo lọ gbé bàtà ọ̀hún wálé. N ò mọ ẹni tí mo gbé e wá fún.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹlòmíràn fọwọ́ bo ẹnu. Kó tó pẹ́, gbogbo abẹ́ kánópì ti ń mì. Aáfà àgbà fúnra rẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mẹ̀dínátù jókòó. Wọ́n gbé oúnjẹ jáde. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ní ó ṣe é dáadáa, pé ó jẹ́ kí ara tu àwọn.

Látọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú: kóun sọ̀rọ̀ lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ìrẹsì wíwọ̀n ló ń ṣe, ní sítọ́ọ̀ Alhaji Bàrúwà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìlaró. Kùtọnù ni ìrẹsì náà ti ń wá. Bó ṣe ń wá ò kan ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Òun á bu kóńgò kún, á fọwọ́ gé orí rẹ̀, á tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì, á dà á sínú ọ̀rá. Nígbà tí ìjọba wá ti bọ́dà, ìrẹsì tó wà nílẹ̀ tán, òmíràn ò wá. Sítọ́ọ̀ ṣófo gbáú. Alhaji pe Mẹ̀dínátù, ó ní:

“Máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, kí o sì máa gbálẹ̀. Bí bọ́dà bá ṣí, n ò fẹ́ kí ìrẹsì dé kó wá bá eku nílé.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbá ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ló wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó ń fi ọ̀nà igbó kó ìrẹsì wọlé jókòó sábẹ́ igi. Ìjọba tún ní kí wọ́n má gbé epo lọ sáwọn ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà, làwọn tó ń ta epo náà bá lọ bá àwọn ọlọ́kadà lábẹ́ igi. Lẹ́yìn ìyẹn ni kòrónà dé, wọ́n ní kí èèyàn má jáde. Àwọn tó wà lábẹ́ igi ní àwọn ò jáde, abẹ́ igi làwọn wà.

Àárín wọn níbẹ̀ ni Tíṣà Ìbítóyè ti wá kó àwọn òṣèré rẹ̀. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ti tẹ̀lé ẹgbẹ́ onítíátà kan kiri, òun ló ń bá wọn ru àpótí aṣọ. Ó ní òun fẹ́ kí ìlú náà ní tíátà tirẹ̀, kí àwọn ṣe eré mẹ́ta tẹ̀léra kí ọdún tó parí: ọ̀kan fún ẹ̀rín, ọ̀kan fún orin, ọ̀kan fún ẹkún. Nàfíù dara pọ̀ mọ́ ọn, ọlọ́kadà ni, ojú rẹ̀ dára, ó sì ti bá àwọn ará Kùtọnù lò pẹ́ débi pé bó bá ń kí èèyàn, á da Faransé pọ̀ mọ́ ọn. Àpèkẹ́ náà dara pọ̀ mọ́ ọn, onídìrí ni, òun ni obìnrin tó lẹ́wà jù nínú eré gbogbo, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n rí àwọn mìíràn kún un. Ibi tí wọ́n á ti máa ṣeré ló kù, ni Tíṣà bá lọ bá Alhaji nílé. Mẹ̀dínátù wà níbẹ̀, ó wá gba ìgbálẹ̀ tuntun.

“Alhaji, sítọ́ọ̀ yín ṣófo,” ni Tíṣà wí.

“Mo mọ̀. Èmi ni mo ni ín.”

“A fẹ́ máa ṣe tíátà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Kí ara ìlú lè yá gágá.”

“Ara tèmi ò lè yá, Tíṣà. Bọ́dà ló lè mú un yá.”

“Ẹ kàn wá jókòó síwájú kẹ́ ẹ wò ó ná.”

Alhaji Bàrúwà ronú sí i. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun ní àdéhùn méjì. “Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí bọ́dà bá ṣí, ọjọ́ náà lẹ ó kó jáde. Kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì. Ìrẹsì mi ò ní dúró síta kó máa woran yín.”

“Ó dáa. Ìkejì ńkọ́?”

“Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ ó kọ́kọ́ gbàdúrà kí bọ́dà ṣí. Gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló máa ṣe àmín. Mo máa wà níbẹ̀, mo máa fetí sí i.”

Tíṣà wo òkè àjà díẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré tí á máa bẹ Ọlọ́run kí wọ́n lé àwọn jáde, òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ní kò burú.

“Mẹ̀dínátù ló ní kọ́kọ́rọ́,” ni Alhaji wí. “Òun ló máa ṣí i, òun ló máa tì í. Ẹ má sì fọwọ́ kan kóńgò mi.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Pákó tí wọ́n máa ń to àpò ìrẹsì lé ni wọ́n tò pọ̀ tó di ìtàgé. Epo ò sí fún jẹnẹrétọ̀, nítorí náà lẹ́yìn ìrun alásárì ni wọ́n máa ń ṣe é, wọ́n á ṣí àwọn fèrèsé òkè kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Olúkúlùkù gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá. Wọ́n fi ìbòmú kọ́ àgbọ̀n.

Eré ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni, tó purọ́ fún àwọn àna rẹ̀ pé kọ́sítọ́ọ̀mù lòun, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì ló ń sè fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní bárékè wọn. Aáfà gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, gbogbo èèyàn ṣe àmín. Ti Mẹ̀dínátù ló lọ sókè jù, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò ní púpọ̀ tó fẹ́ ná. Ó wá di ibi tí Nàfíù ti kúnlẹ̀, tó ń bẹ Àpèkẹ́ pé kó fẹ́ òun, ni òjò bá dé. Fèrèsé tó wà lórí ìtàgé gan-an lòjò ń gbà wọlé. Alhaji sì ti sọ ọ́ fún Mẹ̀dínátù láti ọdún tó ti pẹ́ pé omi ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ sítọ́ọ̀. Ló bá mú ọ̀pá gígùn, ó gun orí pákó, ó dé àárín àwọn méjèèjì, ó ní:

“Ẹ yẹ̀ fún mi. Òjò ni.”

Ó gbé ọ̀pá sókè, ó ti fèrèsé, ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọkùnrin kan ṣubú lórí àpótí rẹ̀. Àpèkẹ́ tó yẹ kó máa sọ pé òun ò fẹ́ Nàfíù ò lè sọ ọ́ mọ́, ó ń fi gèlè nu omi ojú.

Nígbà tí wọ́n parí, Tíṣà wá bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀. “Ìyá Sítọ́ọ̀, ibi tí ẹ ti wọlé yẹn, ṣé ẹ lè tún un ṣe bá a bá tún eré yìí ṣe?”

“Bí òjò bá rọ̀,” ni Mẹ̀dínátù wí.

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó lọ.

Bí wọ́n ṣe fi í sínú eré kejì nìyẹn, eré olórin. Ó gbà, ó rò pé orin ò lè pani lẹ́rìn-ín. Wọ́n tò ó mọ́ àwọn elégbè. Kò sí orin tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n kì í kánjú orin. Bí àwọn yòókù bá ti parí ìlà kan, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́ kí ẹni tó ń ṣe ọba nínú eré tó sọ̀rọ̀, ohùn Mẹ̀dínátù nìkan á wá dé, pẹ̀lú ìyókù ọ̀rọ̀. Ọba ò lè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń kọjá níwájú àwọn oní-gààrí, wọ́n ń pè é, wọ́n ní, “Ìyá Sítọ́ọ̀, ṣé ẹ ti wá kọ ọ́ tán?” Ó ní òun ti kọ ọ́ tán lánàá. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Eré kẹta, èyí tó jẹ́ ti ẹkún, ibi ìgbálẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ó máa ń gbálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣe ìdánrawò. Ìyá kan ni, ó bí ọmọ kan, Ọmọ́délé. Ọmọ́délé sọdá lọ sí apá Kùtọnù, bọ́dà sì tì mọ́ ọn níbẹ̀. Ìyá ń retí rẹ̀. Àwọn ará ilé ń sọ pé ó ń bọ̀. Nígbẹ̀yìn, ìránṣẹ́ kan dé, ó ní àìsàn mú Ọmọ́délé lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti sin ín síbẹ̀. Gbogbo èèyàn á kúrò lórí ìtàgé, á ku ìyá nìkan. Á sọ̀rọ̀. Wọ́n á fa kọ́tínì.

Mẹ̀dínátù gbọ́ ọ títí dé ibi tí wọ́n ti ń fa kọ́tínì. Ó lọ bá Tíṣà.

“Tíṣà, ta ló máa ṣe ìyá yẹn?”

“Àpèkẹ́ ni.”

“Àpèkẹ́ ò tíì bímọ.”

“Eré ni, Ìyá Sítọ́ọ̀.”

“Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é.”

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in dé ìdajì, ó wá dákẹ́. Kì í ṣe ojú Mẹ̀dínátù ló fi mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà, torí ojú náà ò sọ nǹkan kan. Ìgbálẹ̀ ló rí. Mẹ̀dínátù ti gbé e sílẹ̀.

“Ìyá Sítọ́ọ̀, ẹ má bínú. Eré ẹkún ni. Bẹ́ ẹ bá ti yọjú báyìí, wọ́n á rẹ́rìn-ín.”

“Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí i?”

“N ò ní ṣe nǹkan kan sí i. Mo máa dúró títí wọ́n á fi rín in tán.”

Tíṣà ní òun á fọ̀rọ̀ lọ Àpèkẹ́. Ó rò pé Àpèkẹ́ á kọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí síbẹ̀. Àpèkẹ́ ò kọ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n á da àtíkè funfun sí i lórí kó lè dà bí ewú.

“Èmi tí mò ń dirí fún ìyàwó ojú ọ̀nà,” ló wí, “kí n wá hu ewú lójú oníbàárà? Kí Ìyá Sítọ́ọ̀ máa mú un lọ. Ewú tiwọn ti wà ńlẹ̀.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò pẹ̀lú rẹ̀. Nàfíù ni ìránṣẹ́. Bó bá ti dé ibi tó ti yẹ kó sọ pé ọmọ ti kú, tó wo ojú Mẹ̀dínátù, á bẹ́ sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, ẹ darí jì mí, kì í ṣe èmi.” Tíṣà ní kó máa kọjú sógiri sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyá náà, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kó o jọ, ó sì fi kọ́ Mẹ̀dínátù lẹ́nu: pé Ọmọ́délé ni ìràwọ̀ ojú òun, pé omijé òun á kún odò Yewa títí á fi bo afárá mọ́lẹ̀. Mẹ̀dínátù mọ̀ ọ́n lórí pátá. Bó bá ń sọ ọ́, á dà bí ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn pé ìrẹsì kù díẹ̀. Tíṣà á di orí mú.

Bí ọjọ́ eré ṣe ń sún mọ́lé, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ pé ìjọba ń gbèrò láti ṣí bọ́dà. Inú gbogbo ìlú ń dùn. Mẹ̀dínátù ò mọ ibi tó máa fi tirẹ̀ sí. Bí bọ́dà bá ṣí, òun á rí iṣẹ́ òun padà, ìrẹsì á dé, òun náà á jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣí kí wọ́n tó ṣeré, eré ò sí mọ́, àdéhùn ni. Ọ̀rọ̀ òun á sì wà lọ́fun bẹ́ẹ̀. Ó wá gba àdúrà tirẹ̀ lọ́tọ̀, lórí ẹní ìrun: kí Ọlọ́run ṣí bọ́dà, ṣùgbọ́n kó má kánjú.

Ọjọ́ eré pé. Èèyàn kún sítọ́ọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé Ìyá Sítọ́ọ̀ ló máa ṣe olórí ẹlẹ́kún, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rín ẹ̀rín yẹn lẹ́yìn òun. Alhaji Bàrúwà jókòó síwájú lórí àga rẹ̀. Aáfà gbàdúrà, ó ní kí Ọlọ́run ṣí bọ́dà lónìí. Àmín! Pásítọ̀ ní kó má tilẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àmín! Lẹ́yìn kọ́tínì, Mẹ̀dínátù la ẹnu, ó tún pa á dé.

“Mẹ̀dínátù!” Alhaji ló pè é láti iwájú. “N ò gbọ́ tìrẹ o!”

“Aṣọ ni mò ń wọ̀, Alhaji!”

Gbogbo ilé hó. Wọn ò tíì fa kọ́tínì rárá.

Nígbà tí wọ́n wá fà á, tí wọ́n rí i tó jókòó lórí àpótí, tó ń retí ọmọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí wọ́n rín in tán. Wọ́n rí i pé ó ń dúró, ìyẹn tún pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó tún dúró. Tíṣà ń jẹ èékánná lẹ́yìn kọ́tínì. Ìgbà tó yá, ó rẹ̀ wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibì kan á rẹ́rìn-ín, òun á dúró, wọ́n á dákẹ́, òun á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé àárín eré, àwọn tó wà níwájú ti ń pòṣé sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ káwọn gbọ́. Mẹ̀dínátù gbọ́ òṣé yẹn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó kù díẹ̀.

Nàfíù wọlé, ìránṣẹ́. Ó kọjú sógiri. Ó ní, “Màmá, apá Kùtọnù ni mo ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ Ọmọ́délé ni mo bá wá.”

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kadà kan fọn fèrè lójú títì, ẹnì kan sì lọgun lẹ́nu ọ̀nà: “Wọ́n ti ṣí bọ́dà! Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní rédíò! Bọ́dà ti ṣí o!”

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ rò pé ara eré ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá arúgbó kan tó jókòó lápá ọ̀tún kọjú sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ṣé o rí i? Ọmọ ọ̀hún á wálé báyìí.” Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ilé. Ẹnì kan dìde, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn dìde. Nàfíù fi ògiri sílẹ̀, ó ní “Sẹ fìní!” bí àwọn ará Kùtọnù ṣe máa ń wí bí nǹkan bá ti parí, ó fò sílẹ̀ lórí ìtàgé pẹ̀lú aṣọ ìránṣẹ́ lọ́rùn, ó lọ gbé ọ̀kadà rẹ̀.

Alhaji Bàrúwà dìde, ó gbọn agbádá. “Tíṣà, àdéhùn wa.”

“Alhaji, ó ku díẹ̀ péré ká parí.”

“Ẹ̀yin náà lẹ ṣe àdúrà yẹn. Mo gbọ́ ọ. Ó ti gbà. Mẹ̀dínátù, to pákó yẹn padà sáyè wọn. Ìrẹsì lè dé nígbàkigbà.” Ó ti ń tẹ fóònù bó ṣe ń jáde lọ.

Ó wá ku Tíṣà, àti Àpèkẹ́ tó di okùn kọ́tínì mú, àti Mẹ̀dínátù lórí pákó. Ìta ń hó. Àwọn àpótí ìjókòó wà nílẹ̀ káàkiri, òmíràn ti dojú dé.

“Ìyá Sítọ́ọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀,” ni Tíṣà wí.

“N ò tíì sọ̀rọ̀ mi.”

“Ta lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún?”

Mẹ̀dínátù wo inú sítọ́ọ̀. “Ẹ̀yin ní kí n dúró síbí títí tí ìránṣẹ́ á fi sọ̀rọ̀,” ló wí. “Ìránṣẹ́ ò tíì sọ ọ́.”

Ó dúró síbẹ̀. Ohun tó ń rò ni pé Ọlọ́run ti gba àmín gbogbo wọn, kò wulẹ̀ wo ti òun tó ṣaláì sí níbẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló pọ̀.

Ariwo ìta dún títí, ó wá ń rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò dún mọ́. Ìyá arúgbó tó jókòó lápá ọ̀tún padà wọlé.

“Àpótí mi ni mo wá mú,” ló wí. Ó dé ìdí àpótí náà, ó wò ó, ó jókòó lé e. “Sèmè ni,” ló tún wí.

“Kí ló ṣe Sèmè?” ni Tíṣà bi í.

“Bọ́dà Sèmè létí òkun lọ́hùn-ún ni wọ́n ṣí. Àti ti apá òkè ọ̀hún, lọ́dọ̀ àwọn Haúsá. Wọn ò dárúkọ Ìdíìrókò tó sún mọ́ wa. Wọn ò dárúkọ tiwa kankan.”

Òmíràn wọlé tẹ̀lé e, òun náà wá mú àpótí tirẹ̀. Ó ní kódà ní Sèmè tí wọ́n ṣí, wọ́n ní ìrẹsì ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ wọlé. Ó jókòó. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dé. Kò sí ẹni tó sọ pé eré lòun padà wá wò. Olúkúlùkù á wọlé wá mú àpótí, á dé ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé e jáde mọ́, á jókòó. Nàfíù ti ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀. Ìwọ̀nba epo tó tọ́jú pamọ́ láti ọjọ́ yìí, ó ti fi í fọn fèrè yí ìlú ká, ó ti tán. Alhaji Bàrúwà ló wọlé kẹ́yìn. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Nàfíù gun orí pákó. Kò rántí kọjú sógiri. Ó wo Mẹ̀dínátù lójú, ó ní, “Màmá, Ọmọ́délé ò lè wálé mọ́. Wọ́n ti sin ín sọ́hùn-ún.” Kò rẹ́rìn-ín. Ó kúrò lórí ìtàgé.

Ó ku Mẹ̀dínátù.

“Háà, Ọmọ́délé,” ló wí. Ọ̀rọ̀ odò Yewa ló kàn, àti ti ìràwọ̀. Ó wá wọn, kò rí wọn. Tíṣà ń sọ ọ́ sí i lábẹ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn kọ́tínì, “Ìràwọ̀ ojú mi, ìràwọ̀ ojú mi.” Kò gbọ́ ọ. Ó wo iwájú. Ó ní:

“Ó lọ, kò wọ bàtà. Mo lọ gbé bàtà ọ̀hún wálé. N ò mọ ẹni tí mo gbé e wá fún.”

Tíṣà wo Àpèkẹ́. Kò sí bàtà kankan nínú eré náà.

Mẹ̀dínátù dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró dè é. Ẹ̀rín náà ò wá. Ó tún dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó ń bọ̀ lọ́nà. Ìyá arúgbó yẹn ló kọ́kọ́ fa imú. Oní-gààrí kan gbé ìbòmú láti àgbọ̀n, ó fi nu ojú. Ọkùnrin tó ṣubú lórí àpótí níjọ́sí dorí kodò. Kò sí ìró kankan, àfi èèyàn tó ń fa imú níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Àpèkẹ́ gbàgbé okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Tíṣà ló fa kọ́tínì.

Bóyá bàtà ni wọ́n ń sunkún sí, bóyá Ìdíìrókò ni, Mẹ̀dínátù ò mọ̀. Ó ronú pé kóun bi ẹnì kan. Kò bi í. Bó bá béèrè, wọ́n lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ tán, ó gbálẹ̀, ó ti àwọn fèrèsé, ó jáde. Alhaji dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàtà yẹn,” ni Alhaji wí. “Ti Àúdù ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji.”

“Mo wà níbi fìdáù ọ̀hún. Èmi náà rẹ́rìn-ín.”

“Mo rí yín.”

Alhaji wo ojú títì. Mọ́tò kankan ò kọjá. Mẹ̀dínátù ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó tún fọwọ́ tì í wò bóyá ó ti há.

“Má wulẹ̀ to pákó yẹn mọ́,” ni Alhaji wí. “Kí Tíṣà ṣì máa fi wọ́n ṣeré ná. Kí Ọlọ́run ṣáà bá wa ṣí bọ́dà tiwa.”

“Àmín!” ni Mẹ̀dínátù wí.

Ó pariwo rẹ̀ débi pé ọkùnrin kan tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lọ ní òdìkejì títì, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, dúró, ó bá wọn ṣe é, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.